BÍ A TI Í PA Ẹ̀WÀ MỌ́ LỌ́WỌ́ KÒKÒRÒ

Jósẹ́fù kò dá irúgbìn titun sílẹ̀ ní Íjíbítì. Ọkà tí ilẹ̀ ti mú wá ni ó tọ́jú, èyí ni ó sì gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìyàn.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún wa, ẹ̀yin ará. Nítorí ìbẹ̀rù kòkòrò, àgbẹ̀ a ta ẹ̀wà rẹ̀ ní ẹ̀dínwó nígbà ìkórè. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òun náà a fi owó gọbọi rà á fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹlòmíràn a bu májèlé sí i. Ṣùgbọ́n májèlé tí ó pa kòkòrò lè pa ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Afẹ́fẹ́ ni kòkòrò fi ń wà láàyè, gẹ́gẹ́ bí àwa. Láti ọdún 1987 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù ti ṣiṣẹ́ lórí èyí, títí wọ́n fi ṣe àpò onípele 3: ọ̀rá nínípọn 2 nínú àpò òde kan.

Ẹ sá ẹ̀wà títí yóò fi gbẹ dáadáa. Ẹ yẹ ọ̀rá wò kí ó má baà lu. Ẹ da ẹ̀wà sínú ọ̀rá kìn-ín-ní, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì so ó le. Ẹ ṣe ọ̀rá kejì bákan náà, kí ẹ tó so àpò òde. Kòkòrò inú rẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, yóò dẹ́kun jíjẹ, yóò sì kú. Ẹ má ṣe tú u kí oṣù 2 tó pé. Ẹni tí kò ní àpò yìí lè rọ ẹ̀wà kún kẹ́ẹ̀gì mímọ́ gbígbẹ dé ẹnu, kí ó sì dé e pinpin.

Ọlọ́run ni í fún ni ní ọ̀pọ̀. Iṣẹ́ tiwa ni kí ó má ṣòfò.