Àlejò ní Àkókò Ọ̀dá Owó

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń bá ebi wọlé, ọ̀rọ̀ àlejò sì ni. Nígbà tí owó bá wà nílùú, oníbàárà ni àlejò, alágbàṣe ni, ó sì lè di àna ẹni. Nígbà tí ọ̀dá owó bá dé, ẹni kan náà a di ẹni tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, tí ó sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, tí ó sì ń kó owó ìlú lọ sí ilé tirẹ̀. Ẹ̀sùn mẹ́ta yìí kò yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan dé èkejì. Wọ́n sọ ọ́ ní Ghana ní 1969, wọ́n sọ ọ́ ní Nàìjíríà ní 1983, a sì ń gbọ́ ọ ní Yúróòpù láti ìgbà tí ọrọ̀-ajé ibẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ ní 2008. Ó tọ́ kí a yẹ ẹ̀sùn náà wò, kí a lè ya òtítọ́ inú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìbínú.

Òde-Ìrèlè, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, jẹ́ ibi tí ó dára láti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò náà. Ìtàn ọ̀pọ̀ ìlú Ìkálẹ̀ fúnra wọn sọ pé Ìbíní ni àwọn baba ńlá ọba wọn ti wá. Ẹni tí à ń pè ní onílẹ̀ lónìí ti ṣe àlejò rí. Ilẹ̀ ọ̀pẹ sì ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ní ìdajì kìn-ín-ní ọ̀rúndún ogún, nígbà tí àwọn oníṣòwò òyìnbó ń ra epo àti ẹ̀kùrọ́, ọ̀pẹ inú igbó pọ̀ ju ọwọ́ tí ó lè kọ ọ́ lọ. Àwọn ará Urhobo ni wọ́n wá láti ìhà ìlà-oòrùn, tí wọ́n fi igbà kọ́ èjìká, tí wọ́n sì tẹ aba dó káàkiri agbègbè Òkìtìpupa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Onigu Otite ti ṣe ìwádìí lórí wọn, ó sì fi hàn pé wọ́n ní ipa nínú ìdàgbàsókè agbègbè náà.

Ọ̀nà tí nǹkan gbà ń lọ láàárín onílẹ̀ àti àlejò yìí yẹ ní àkíyèsí. Urhobo kan kì í ṣàdédé wọ inú igbó olóko. Ó ní láti tọ ẹbí tí ó ni ilẹ̀ lọ, kí wọ́n fi ààlà oko ọ̀pẹ hàn án, kí wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn ohun tí yóò máa san. Ọkọ a máa gun ọ̀pẹ, a máa kọ ẹyìn. Aya a máa ṣe epo, a sì máa pa ẹ̀kùrọ́. Onílẹ̀ gba owó lórí igi tí kò bá gbó lásán sínú igbó. Àlejò rí oúnjẹ òòjọ́. Ọlọ́jà rí epo tà. Bí owó epo bá já lulẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti já ní gbogbo ayé lẹ́yìn 1929, kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ pé ọjà òkèèrè ni ó já a. Ojú mọ ojú: olúkúlùkù mọ iṣẹ́ tí àlejò ń ṣe, ó sì mọ ẹni tí yóò bi bí ìwà rẹ̀ bá wọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ghana yàtọ̀. Láti ìgbà tí a ti ń pe orílẹ̀-èdè náà ní Gold Coast ni àwọn Yorùbá láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ejìgbò àti Ṣakí ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀. Ní 1960, nǹkan bí 100,000 Yorùbá ni ó wà ní Ghana. Àwọn ọjà àríwá kún fún wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò sì mọ ilé baba wọn rárá. Ṣùgbọ́n owó kòkó já lulẹ̀ lọ́jà ayé ní àárín ọdún 1960 sí 1969, gbèsè ìjọba sì pọ̀. Ní ọjọ́ 18 Oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì darí wálé. Gbèsè kò bá wọn lọ. Àwọn oko kòkó pàdánù alágbàṣe, nítorí àṣẹ náà kan àwọn tí ó wá láti ilẹ̀ mìíràn pẹ̀lú. Ní Oṣù Kejìlá 1971, ìjọba dín iye owó sídì kù; ní ọjọ́ 13 Oṣù Kìíní 1972, àwọn ológun gba ìjọba.

Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Nígbà tí epo rọ̀bì sọ Nàìjíríà di olówó, àwọn ará Ghana ya wọlé: bíríkìlà, kápẹ́ńtà, alágbàṣe, àti olùkọ́ tí ó kún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 sì fún ọmọ ilẹ̀ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà láyè láti wọlé láìní físà fún 90 ọjọ́. Láti 1981 ni owó epo rọ̀bì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ní ọjọ́ 17 Oṣù Kìíní 1983, ní ọdún ìdìbò, ìjọba Shagari pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ará Ghana tí ó lọ. Ghana ti ti ẹnubodè rẹ̀ láti Oṣù Kẹsàn-án 1982, nítorí náà ọ̀pọ̀ há sójú ọ̀nà títí wọ́n fi ṣí i ní ìparí Oṣù Kìíní. Báàgì tí a ń pè ní Ghana Must Go ni ìrántí rẹ̀ lọ́jà títí di òní. Síbẹ̀, ọdún náà kò parí kí àwọn ológun tó gba ìjọba, ní 1984 a sì dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ìjọba dúró. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀sùn náà jẹ́ irọ́. Àgbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí ń gbé ilẹ̀ rẹ̀. Bí ọ̀gá iṣẹ́ bá ń lo àlejò tí ebi ń pa láti fi dín owó ọ̀yà kù, ìpalára gidi ni ó ṣe fún òṣìṣẹ́ ìlú. Ṣùgbọ́n àtúnṣe irú ìyẹn wà lọ́wọ́ òfin iṣẹ́ àti ọ̀gá iṣẹ́. Lílé àlejò nìkan kò tó o ṣe.

Yúróòpù náà kò yọ sílẹ̀. Ní 2008, Spain ṣètò láti san owó ìrànwọ́ àìríṣẹ́ fún àjèjì tí ó bá gbà láti padà sí ilé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó gbà. Ní 2016, ọ̀rọ̀ àjèjì wà lára ohun tí ó gbóná jù nínú àríyànjiyàn kí Britain tó dìbò láti kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ àti ti ilẹ̀ Yorùbá yòókù wà láàárín àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí níbẹ̀. Ẹni tí ó pariwo lé ará Ghana ní 1983 lè ní ọmọ-ọmọ tí wọ́n ń pariwo lé ní London.

Ohun tí ó ya Òde-Ìrèlè sọ́tọ̀ ni pé àlejò ní ẹni tí ó gbà á, ó ní iṣẹ́ tí a mọ̀, ó sì ní ohun tí ó ń san. Nígbà tí orílẹ̀-èdè bá ń sọ̀rọ̀, ojú àlejò a pòórá, iye rẹ̀ nìkan ni a ń kà. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún gbọ́ pé àlejò ni ó fa ìyà, kí ó bi ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà kí àlejò tó dé? Ta ni ó ń jèrè iṣẹ́ rẹ̀? Níbo ni owó ti kọ́kọ́ já? Ẹni tí ó bá dáhùn wọn kò ní dá ẹjọ́ kòkó tàbí epo rọ̀bì fún ẹni tí ó gbé igbà kọ́ èjìká.