Ẹ Má Lé Àwọn Ọmọ Yunifásítì Tó Ń Béèrè Ọ̀rọ̀ Ọjà

Ẹ̀yin ìyá wa ní Apapa àti Ajegunle,

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí ni ti àwọn ọmọ yunifásítì tó máa ń wọ ọjà pẹ̀lú bírò àti ìwé, tí wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, a fẹ́ bi yín ní ìbéèrè." Àwọn kan nínú wa rò pé agbowó-orí ni wọ́n, àwọn mìíràn ní gbájú-ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n ń wá ná.

Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń kọ́ bí a ti ń ṣe áàpù, irú èyí tí a fi ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹnu lásán kò tó láti fi kọ́ ọ. Olùkọ́ á pín wọn sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹnì kan á lọ bá àwọn tó máa lò ó sọ̀rọ̀, ẹnì kan á ya bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí, ẹnì kan á kọ àṣẹ tí fóònù yóò máa tẹ̀lé, ẹnì kan á máa dán an wò títí yóò fi rí ibi tó kù sí. Wọ́n á wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, bí àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣe àáró.

Ṣùgbọ́n àáró kì í ṣàì ní ọ̀lẹ. Ìdí nìyí tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ fi ń wo àkọsílẹ̀: kọ̀ǹpútà á pa orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣe é. Bíi káàdì alájọ ni: ẹni tí kò dá, kò ní kó.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Áàpù ti wọ òwò wa. Láti oṣù kejì ọdún 2021 ni wọ́n ti gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Eto jáde, kí tírélà tó ń lọ sí wọ́ọ̀fù Apapa máa dúró de ìpè. Ní oṣù kejì ọdún 2023 tí owó dàwátì, ẹ rántí bí oníbàárà ṣe ń ní òun ti san owó, tí a kò rí nǹkan kan lórí fóònù wa. Bí ẹni tó ń ṣe áàpù kò bá bi wá, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀?

Ẹ wo Onitsha, ìlú ọjà bíi tiwa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, àwọn ọmọbìnrin 5 láti Regina Pacis, tí wọn kò tíì dé yunifásítì, gba ipò kìíní láàárín ẹgbẹ́ wọn nínú ìdíje Technovation ní Amẹ́ríkà. Áàpù wọn, FD-Detector, ń wo ilà ara páálí oògùn láti mọ ayédèrú. Ìyọnu tí wọ́n ń fojú rí nílé ni wọ́n gbé lọ. Ní Ajegunle wa níbí náà, láti ọdún 2007 ni Paradigm Initiative tí Gbenga Sesan dá sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọmọ Ajegunle kò lè ṣe é.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé:

1. Bí wọ́n bá dé, ẹ béèrè káàdì ìdánimọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọn, kí ẹ sì mú wọn lọ bá ìyálọ́jà kọ́kọ́.

2. Ẹ sọ òótọ́ ìṣòro yín: àwìn tí a kò rí gbà, alert ayédèrú, ọjà tó ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n PIN, BVN àti nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọmọ yín.

3. Ẹ ní kí wọ́n padà wá gbé e lé yín lọ́wọ́ láti dán wò. Èyí tí fóònù kékeré kò lè gbé, tàbí tí kò gbọ́ Yorùbá, Ìgbò àti Píjìn, kò tíì parí.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ yìí, bó bá ní òun ń lọ bá ẹgbẹ́ òun ṣiṣẹ́, ẹ má rò pé eré ló ń lọ ṣe. Ẹ bi í pé, "Apá wo ni tìrẹ nínú rẹ̀?" Bó bá ṣiṣẹ́, á rí èsì fún yín.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ akèrègbè. Ọlọ́run á jẹ́ ká jọ jèrè wọn o.