Bí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ẹlẹ́ni mẹ́ta-mẹ́ta àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń lọ

Ní 2010, ní Singapore, ni bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ẹlẹ́ni mẹ́ta-mẹ́ta kọ́kọ́ wọ ìdíje Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́. Serbia ló gba góòlù tọkùnrin. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àjọ FIBA gbé ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 18 lọ kalẹ̀ nílùú Rimini, Ítálì.

Ìdajì pápá àti àwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò. Èèyàn mẹ́rin ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní: mẹ́ta ń gbá a, ẹnì kan ń dúró dè wọ́n. Ìṣẹ́jú 10 péré ni, àmọ́ ikọ̀ tó bá kọ́kọ́ ní àmì 21 ti borí nìyẹn.

Èyí tó tún le níbẹ̀ ni pé kóòṣì ò gbọdọ̀ dá sí i látẹ̀gbẹ́ pápá. Àwọn ọmọ náà ló máa ronú fúnra wọn.

Ìdí nìyí tí orílẹ̀-èdè kékeré fi ń rọ́wọ́ mú. Nínú eré yìí kan náà, Latvia, tí èèyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù méjì, gba góòlù àwọn àgbà ọkùnrin ní Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021. Amẹ́ríkà ò tilẹ̀ yege láti kópa. Ẹni mẹ́rin tó gbọ́ ara wọn yé ti tó.