Nígbà tí àwọn adájọ́ kò bá fẹnu kò: ẹ̀kọ́ inú ẹjọ́ Adélékè

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ìbò 353 péré ni Adémọ́lá Adélékè, ọmọ Ẹdẹ, fi ṣíwájú Gbóyèga Oyètọ́lá nínú ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun. INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ní ìdìbò náà kò tíì parí. Wọ́n tún un dì ní ibùdó méje lọ́jọ́ 27, Oyètọ́lá sì fi ìbò 482 borí. Ni ọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù.

Títí ẹjọ́ ọ̀hún fi parí, kò sí ibi tí ohùn àwọn adájọ́ ti ṣọ̀kan. Níwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀sùn ìdìbò, adájọ́ méjì gbe Adélékè, ẹnì kan kọ̀. Ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, mẹ́rin gbe Oyètọ́lá, ẹnì kan kọ̀. Nígbà tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, lọ́jọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2019, ó di márùn-ún sí méjì, Oyètọ́lá ló jàre.

Iye ìbò kọ́ ni wọ́n ń bá fà á níbẹ̀ mọ́. Peter Obiora, adájọ́ tó ka ìdájọ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀sùn tó gbe Adélékè, ni wọ́n ní kò sí ní ìjókòó lọ́jọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2019, nígbà tí ẹlẹ́rìí ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ẹ̀rí, ṣé ó lè dájọ́ lé e lórí? Olabode Rhodes-Vivour àti mẹ́ta mìíràn pẹ̀lú olórí ìjókòó wọn ní rárá, gbogbo ìgbẹ́jọ́ náà ti di òfo. Kumai Akaahs àti Paul Galinje yapa.

Ẹnu ayé kì í pẹ́ sọ pé owó ló wọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà. Òfin fúnra rẹ̀ ló fàyè gba ìyapa èrò: abala 294 ìwé òfin ọdún 1999 ní kí adájọ́ kọ̀ọ̀kan ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀, tàbí kó kọ ọ́ pé òun fara mọ́ ti ẹlòmíràn. Ibi tí wọ́n bá pọ̀ sí ni ìdájọ́ ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dún 1979, nígbà tí Awólọ́wọ̀ pe Shagari lẹ́jọ́ lórí ìdìbò ààrẹ. Nínú àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, Kayode Eso, ọmọ Iléṣà, nìkan ló ní kí wọ́n dá Awólọ́wọ̀ láre: ó ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 jẹ́ 13, ìpínlẹ̀ kò ṣe é gé sí wẹ́wẹ́. Shagari ló wọlé síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn amòfin ò yé ka ohun tí Eso kọ.

Ẹni tó bá pàdánù máa ń rí ohun dì mú nínú irú èrò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí Adélékè wọlé nínú ìdìbò gómìnà tó tẹ̀ lé e, ní oṣù Kìíní ọdún 2023, adájọ́ méjì nínú mẹ́ta ní ìgbìmọ̀ ẹ̀sùn ìdìbò gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àpọ̀jù ìbò. Ẹnì kẹta, Ogbuli, kò bá wọn lọ. Adélékè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì jàre ní oṣù Kẹta. Lọ́jọ́ 9 oṣù Karùn-ún, adájọ́ márààrún ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fẹnu kò pé òun ni gómìnà.