Ojúlé dé ojúlé: iṣẹ́ Ọ̀ṣúntókun àti ọwọ́ tó ń gbọ̀n

Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn ní Igbó-Ọrà, ìlú Ìbàràpá tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ìbejì. Ìbejì kọ́ ni wọ́n wá kà. Ohun tí wọ́n ń bi onílé ni pé: ta ni wárápá ń mú níbí? Ta ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n? Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo tí kò lè rìn dáadáa mọ́? Àwọn tí wọ́n bẹ̀ wò sún mọ́ 20,000. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí ní Èkìtì, dókítà ọpọlọ àti iṣan ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló wà nídìí iṣẹ́ náà.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ Odomèta ní ilẹ̀ Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Níbí, bí ọwọ́ bàbá kan bá ń gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ le, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, kíá la ó ti máa wá ẹni tó ṣe é. Wọ́n á ní ìyàwó kékeré ni, tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ tó bá a du ilẹ̀. Mo ti rí ilé tó tú torí èyí, ó sì dùn mí wọra.

Àrùn Parkinson ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. James Parkinson, dókítà ará London, kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1817. Àrùn yìí ló mú ọwọ́ akànṣẹ́ Muhammad Ali máa gbọ̀n nígbà tó tan iná Òlíḿpíìkì ní Atlanta ní 1996. Ibi dúdú kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń ṣe èròjà kan, dopamine, tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jáfara bí a bá rán wọn níṣẹ́. Ibẹ̀ ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Kí gbígbọ̀n tó fara hàn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti lọ.

Kí ló ń pa á? Irú ìbéèrè yìí ni Ọ̀ṣúntókun fi ayé rẹ̀ lé. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti Òṣósà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹsẹ̀ wọn ń kú, ojú wọn ń ṣe bàìbàì, etí wọn ń di. Àìsàn mìíràn nìyẹn o, kì í ṣe Parkinson. Ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹ̀gẹ́ ni, láàárọ̀, lálẹ́. Májèlé sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́: bí a bá rin ín, tí a jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, tí a fún omi rẹ̀ dànù kí a tó yan gàrí, púpọ̀ rẹ̀ á lọ, bí a bá kánjú, á kù. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì bá àmì rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e ṣì ń jiyàn bóyá májèlé yìí nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ọ̀nà ìwádìí tó wù mí ju èyí lọ.

Ní ti Parkinson, ní 1988, iṣẹ́ tí Ọ̀ṣúntókun àti Bruce Schoenberg ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jọ ṣe jáde. Wọ́n fi Igbó-Ọrà wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Copiah, agbègbè oko kan ní Mississippi, àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè. Ní Copiah, 341 nínú 100,000 ló ní àrùn Parkinson. Ní Igbó-Ọrà, 67 ni. Ìlọ́po márùn-ún! Ìran kan náà, ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èyí kò parí ẹjọ́. Aláìsàn tí kò rí oògùn lè tètè kú, ẹni tó ti kú kò sì sí nílé nígbà tí wọ́n ń kà. Ní 2023, ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Èkó wà lára àwọn tó ṣe é fi hàn pé ohun àjogúnbá kan wà lára àwa ọmọ Áfíríkà tó ń fi kún ewu àrùn yìí.

Ṣùgbọ́n ohun tó wá láti ìta lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ní California ní 1982, àwọn ọ̀dọ́ kan gún ara wọn ní oògùn olóró ayédèrú, wọ́n sì gan bí igi. Dókítà William Langston tú u dé gbòǹgbò: èròjà MPTP ló pa ibi dúdú yẹn. Paraquat, oògùn apakoríko, jọ ohun tí MPTP ń dà nínú ara. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2011 rí i pé ewu àrùn Parkinson fún àwọn tó lo paraquat tàbí rotenone, oògùn apakòkòrò, tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ti àwọn tí kò lò ó. Láti 2012 ni ilẹ̀ Faransé ti ka àrùn Parkinson sí àìsàn tí iṣẹ́ oko lè fà fún àgbẹ̀ tó ń lo oògùn oko. Nàìjíríà fòfin de paraquat ní 2024.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkọ́ la fi ń ro oko àgbàdo. Lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin á gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, láìwọ bàtà, láìbo imú, á máa fín oògùn. Ike oògùn tó tán, omi mímu ni wọ́n ń pọn sínú rẹ̀. Ọ̀ṣúntókun ti kú ní 1995. Mo fẹ́ kí àwọn dókítà ọpọlọ wa ní Kútọnu wá ka ilẹ̀ Kétu, ojúlé dé ojúlé, bó ṣe ka Igbó-Ọrà.

Kí wọ́n tó dé, bí àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bá jókòó níwájú mi, mo máa ń bi í pé: “Bàbá, kí lẹ fi ń pa koríko lóko? Láti ọdún wo?” Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo máa ń sọ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ pé oògùn levodopa wà tó lè mú kí ara bàbá yá sí i, kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà, kí wọ́n sì yé wá ẹni tó ṣe é láàárín ẹbí.