Kóòṣì Tuntun Dé, Ta Ló Kù Nílé?

Nígbà tí Mark Pope dé Yunifásítì Kentucky ní oṣù kẹrin ọdún 2024 láti máa darí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ọkùnrin wọn, kò sí ọ̀kankan tó dúró dè é nínú àwọn tó ń fi sikọ́láṣíìpù gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. John Calipari, kóòṣì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti gbéra lọ sí Arkansas, mẹ́ta nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Àwọn yòókù fọ́n ká.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá pààrọ̀ yunifásítì yóò jókòó wòran fún ọdún kan gbáko. Ní 2018, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, dá transfer portal sílẹ̀, ìyẹn ìwé orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó fẹ́ lọ ń wọ̀, kí àwọn kóòṣì ibòmíràn lè bá a sọ̀rọ̀. Ní 2021, wọ́n ní ẹni tó bá ń ṣí lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní jókòó mọ́; ní 2024, ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ń lọ dáadáa lè máa ṣí kiri bó ṣe wù ú. Owó sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀bẹ̀ ni kóòṣì tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báyìí: á pe ọmọ, á pe ìyá ọmọ.

Ṣùgbọ́n títọ́ ẹni tó wà nílẹ̀ ń fẹ́ àkókò. Hakeem Olajuwon kúrò l'Ékòó lọ sí Yunifásítì Houston ní 1980. Ọdún kan kọjá kó tó gbá ìdíje kankan. Póìǹtì 8.3 péré ló ń jẹ nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan ní sáà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn kóòṣì rẹ̀ ní kó máa lọ bá Moses Malone, àgbà agbábọ́ọ̀lù NBA, wọ̀yá ìjà lábẹ́ agbọ̀n nígbà ìsinmi. Ní 1984, òun ni NBA kọ́kọ́ mú. Bó bá jẹ́ lónìí ni, kí ọdún ìjókòó yẹn tó pé, ẹlòmíràn á ti fowó fà á lọ.

Ní Michigan, ìdíje 8 ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 24, ní sáà tó ṣáájú kí kóòṣì Dusty May tó dé ní 2024. Ó mú Vladislav Goldin wá láti Florida Atlantic níbi tí òun náà ti ń bọ̀, ó gba Danny Wolf láti Yale. Goldin ti mọ eré May látorí dé ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ. Wọ́n borí 27 lọ́dún yẹn. Ohun tí mo gbóríyìn fún May lé lórí jù ni pé ó rọ Will Tschetter àti Nimari Burnett, tí wọ́n jẹ nínú ìyà 24 yẹn, kí wọ́n dúró.

Ní 2025, Goldin àti Wolf lọ. May tún padà sọ́jà. Tschetter àti Burnett ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún náà.