Bí Ajá Kò Bá Lè Fi Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Dìde Mọ́ Lójijì

Ní Ṣáṣá àti àwọn abúlé tí ó yí i ká ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ajá ni olùṣọ́ ilé, òun náà sì ni ẹnìkejì ọdẹ nínú igbó. Nígbà mìíràn, ajá tí ó sáré láàárọ̀ a máa wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan a ní wọ́n ṣe é ni. Àwọn mìíràn a ní kò sí àtúnṣe mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé eegun ẹ̀yìn ni ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀.

Láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì ni ohun kan wà bíi tìmùtìmù kékeré, tí kì í jẹ́ kí eegun máa gbo ara wọn. Ìta rẹ̀ yi, inú rẹ̀ rọ̀. Bí ó bá ti gbẹ, fífò kan ṣoṣo lè mú kí ó bẹ́, kí ohun inú rẹ̀ sì tẹ okùn iṣan tí ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ dé ẹsẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára Dachshund, ajá ilẹ̀ Jámánì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn. Ní ti ajá ìbílẹ̀ wa, bí ọ̀kadà bá gbá a, ẹ̀yìn rẹ̀ lè fara pa bákan náà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Àrùn dìgbòlugi náà a máa rọ ajá lẹ́sẹ̀. Bí itọ́ bá ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ jìnnà sí i, kí ẹ sì ké sí dókítà ẹranko. Ẹni tí ó bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́gán.

Bí kò bá sí àmì wọ̀nyí, ẹ má ṣe na ajá náà, ẹ má sì fi òróró ra á lẹ́yìn. Ẹ rọra gbé e sórí pákó pẹrẹsẹ. Ẹ má fún un ní oògùn ara ríro ti ènìyàn, nítorí ó lè ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé-ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí Ṣáṣá.

Dókítà yóò tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ajá bá ṣì mọ ìrora, ìrètí pọ̀: ìsinmi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ibi tóóró, pẹ̀lú oògùn, lè tó fún èyí tí kò le púpọ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n mọ́, àfi iṣẹ́ abẹ, nǹkan bí ìdajì irú wọn ni ó sì ń padà rìn. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó gbé e jáde.